Gbèsè Ló Kọ́kọ́ Ń Dé, Kí Iwin Tó Dé: Ìdí Tí Ayé Fi Ń Ka Stephen King

Ìwé tí Stephen King, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti kọ ti lé ní ọgọ́ta. Wọ́n ṣírò ẹ̀dà tí wọ́n ti tà nínú wọn káàkiri àgbáyé sí mílíọ̀nù 350 ó lé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ ìtàn adẹ́rùbani: òkú tó jí dìde, òtẹ́ẹ̀lì tí iwin kún inú rẹ̀, ajá dìgbòlugi, ọmọdébìnrin tó ń fi èrò ọkàn lásán ṣí nǹkan nídìí. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀rù kì í wọ́n láyé yìí, ọ̀fẹ́ ni. Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń fi owó ara wọn ra tiẹ̀?

Ìdáhùn tí ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bà ni pé ó máa ń dùn mọ́ ẹ̀dá kí ẹ̀rù bà á níbi tó ti mọ̀ pé ewu kankan ò sí. Òótọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n ń pa àlọ́ iwin fún lálẹ́ a máa sún mọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ pé kí wọ́n dákẹ́. Àmọ́ ìdáhùn yìí kò tó, nítorí gbogbo ẹni tó bá ń kọ ìtàn ẹ̀rù ló kàn. Àwọn tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1990 kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ wọn ni a ò sì gbúròó mọ́. Ti King ṣì ń tà. Ohun tí a ń wá ni ìdí tó fi jẹ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àkókò. Ní 1967 ni Ira Levin gbé *Rosemary's Baby* jáde. Ní 1971, William Peter Blatty gbé *The Exorcist* jáde, Thomas Tryon náà sì gbé *The Other* jáde lọ́dún kan náà. Àwọn ìwé mẹ́ta yìí tà gan-an. Nígbà tí wọ́n fi *The Exorcist* ṣe sinimá ní òpin ọdún 1973, ńṣe ni àwọn èèyàn ń tò sójú títì nínú òtútù kí wọ́n lè wọlé wò ó. Àwọn òǹtẹ̀wé wá rí i pé ẹ̀rù ń pawó. Ìlú náà pàápàá kò fara rọ: ogun Vietnam ti gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí, epo bẹntiróòlù wọ́n gógó láti òpin 1973, Ààrẹ Nixon sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1974 nítorí ọ̀ràn Watergate. Àwọn kan a máa sọ pé ìlú tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ló ń wá ìtàn ẹ̀rù kà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ò fẹ́ gbé e kọ́rùn jù, torí pé kò sí ìgbà tí ọkàn ìlú kan balẹ̀ tán. Èyí tó dájú ni pé ọjà ti wà nílẹ̀ kí King tó gbé igbá tiẹ̀ dé.

Portland ní ìpínlẹ̀ Maine, ní ìkángun àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí bàbá rẹ̀ ní òun ń lọ ra sìgá. Bàbá ò padà wálé mọ́. Ìyá rẹ̀, Ruth, ló tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀dọ̀ ẹbí yìí lónìí, ọ̀dọ̀ ẹbí tọ̀hún lọ́la, títí wọ́n fi padà sí Maine nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí ìyá lè máa tọ́jú àwọn òbí tirẹ̀ tó ti darúgbó. Iṣẹ́ tí obìnrin náà bá rí ló ń ṣe. Ogún kan ṣoṣo tó wúlò tí bàbá yẹn fi sílẹ̀ ni àpótí ìwé tí ọmọ rẹ̀ rí lórí àjà nílé ẹbí kan, ìwé H. P. Lovecraft, àgbà nínú àwọn tó ń kọ ìtàn ẹ̀rù, wà nínú rẹ̀.

Ó gboyè ní Yunifásítì Maine ní 1970. Ní oṣù kìíní ọdún 1971, ó fẹ́ Tabitha Spruce tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì. Iṣẹ́ olùkọ́ kò tètè yọ, ló bá lọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ alágbàfọ̀ ńlá kan ní Bangor, níbi tó ti ń fọ aṣọ tábìlì ilé oúnjẹ àti aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn. Ìdin máa ń wà lára wọn. (Ìyẹn kì í ṣe ìtàn àròsọ o.) Nígbà tó wá ríṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Hampden Academy, owó rẹ̀ jẹ́ $6,400 lọ́dún. Ọmọ méjì ti wà nílẹ̀. Nínú ilé onítáyà, irú èyí tí ọkọ̀ lè wọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn, ni wọ́n ń gbé ní Hermon. Wọ́n ti yọ tẹlifóònù kúrò torí pé wọn ò lówó rẹ̀. Inú yàrá kótópó tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà ni King ń jókòó sí tó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìyàwó rẹ̀ kọ ìtàn kéékèèké tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin. Ó dìgbà kan tí etí ń dun ọmọ wọn obìnrin, tí wọn ò mọ ibi tí owó oògùn máa gbà wá, àfi bí owó ìtàn kan ṣe já bọ́ sínú àpótí lẹ́tà lọ́jọ́ náà.

Inú ipò yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ *Carrie*. Ó kọ ojú-ìwé mẹ́ta, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó rún un pọ̀, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Tabitha ló ṣà á jáde, tó gbọn eérú sìgá kúrò lára rẹ̀, tó kà á, tó sì ní kó máa bá a lọ. Ìtàn náà dá lé ọmọdébìnrin kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di ẹni yẹ̀yẹ́ nílé ẹ̀kọ́, tí ìyá tó gbé ẹ̀sìn karí sì ń fìyà jẹ nílé, títí agbára tó wà nínú rẹ̀ fi bú jáde lọ́jọ́ ijó ilé ẹ̀kọ́. King ṣàlàyé nínú *On Writing* (2000) pé ọmọbìnrin méjì tí òun mọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ni òun wò kọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn, síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan àti búláòsì funfun kan náà ló ń wọ̀ lójoojúmọ́ títí aṣọ fi ṣá. Lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì kan, ó wọ aṣọ tuntun wá, ó ti ṣe irun. Ṣé àwọn tó ń fi í ṣẹlẹ́yà wá dákẹ́? Ńṣe ni yẹ̀yẹ́ ọjọ́ náà le ju tàná lọ. Àwọn ọmọ tó kù ti yan ipò fún un, wọn ò sì ní jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti kú kí King tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà mọ ohun tí à ń sọ. Kò sí kíláàsì tí kò ní ọmọ yẹn.

Torí pé fóònù ò sí nílé, wáyà ni William Thompson, olóòtú ní ilé iṣẹ́ Doubleday, tẹ̀ sí i ní 1973 pé àwọn ti gba ìwé rẹ̀, owó àsansílẹ̀ jẹ́ $2,500. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, New American Library ra ẹ̀tọ́ láti tẹ ẹ̀dà ẹlẹ́yìn bébà ní $400,000, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti King. Olùkọ́ tó ń gba $6,400 lọ́dún! Ó jáde lọ ra ẹ̀bùn fún ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ló rí rà. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. *Carrie* jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1974.

Ẹ̀dà ẹlẹ́yìn líle tí wọ́n tà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀dà ẹlẹ́yìn bébà ló gbé e fò, ó lé ní mílíọ̀nù kan láàárín ọdún kan, kó tó wá di sinimá lọ́wọ́ Brian De Palma ní 1976. Ọ̀rọ̀ bébà yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti ń dún lọ. Ìwé ẹlẹ́yìn líle, ilé ìtàwé ni èèyàn ń lọ láti rà á. Èyí ẹlẹ́yìn bébà, ẹ̀gbẹ́ sìgá àti súìtì ni wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ sí, nílé oògùn, níbùdókọ̀, nílé ìtajà oúnjẹ. Obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ní owó táṣẹ́rẹ́ lápò, àwọn wọ̀nyí ló rà á. Ohun tí wọ́n sì bá nínú rẹ̀ ni ara wọn.

Ibí yìí ni a fẹ́ fìdí kalẹ̀ sí. Nínú ìwé King, kí iwin tó dé ni owó ilé ti ń dé. Ẹ wo *The Shining*, tó jáde ní 1977. Ní 1974, King àti Tabitha sun òtẹ́ẹ̀lì Stanley ní Estes Park ní ìpínlẹ̀ Colorado, nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì náà ń múra àtitìlẹ̀kùn fún ìgbà òtútù, tó jẹ́ pé àwọn nìkan ni àlejò ibẹ̀. Ó lálàá pé ọmọ òun ń ké sá lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá ti orí àlá yẹn bẹ̀rẹ̀. King kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Jack Torrance, olú ẹ̀dá ìtàn, jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó lu akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀mùtí tó ti jáwọ́ ni; ó ti fi ìbínú ọtí ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lápá rí. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ tí yóò ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì Overlook nígbà tí yìnyín bá dí gbogbo ọ̀nà, òun nìkan ló kù fún un. Kí àǹjọ̀nú kan tó yọjú, òǹkàwé ti mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, oúnjẹ ti bọ́ nìyẹn, ìyàwó sì lè lọ. Nísàlẹ̀ ilé, bọ́ílà ògbólógbòó kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa tú ategùn inú rẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà bú gbàmù. Kò pọn dandan kí èèyàn kàwé rẹpẹtẹ kó tó mọ̀ pé bọ́ílà yẹn àti bàbá yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n.

King fúnra rẹ̀ ń mutí lásìkò náà. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun ò mọ̀ pé ara òun ni òun ń kọ. Ó ń mu ún bẹ́ẹ̀, ó tún ń fa kokéènì mọ́ ọn, débi pé òun fúnra rẹ̀ ní òun ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rántí bí òun ṣe kọ *Cujo* (1981), kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ẹbí tó kó ìgò àti agolo rẹ̀ síwájú rẹ̀, tí wọ́n ní kó yan èyí tó bá fẹ́. Sinimá tí Stanley Kubrick fi *The Shining* ṣe ní 1980 gbajúmọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò tẹ́ King lọ́rùn, a sì rò pé ó jàre. Ojú Jack inú sinimá ti dà bíi ti wèrè láti ọjọ́ tó ti wá wáṣẹ́. Ti inú ìwé ń gbìyànjú, ìgbìyànjú rẹ̀ ló ń dunni.

*Cujo* tí a dárúkọ yẹn kò tiẹ̀ nílò iwin. Mọ́tò Donna Trenton ń kú lójú ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò torí pé iṣẹ́ ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbéyàwó wọn sì ti ń mì. Ó gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì lábúlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin. Mọ́tò kú pátápátá nínú ọgbà mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ò sí nílé, ajá rẹ̀ tí àdán ti bù jẹ sì ti ya dìgbòlugi. Ó kù wọ́n ku oòrùn, òǹgbẹ àti ajá. Bí wọ́n bá ti tún mọ́tò yẹn ṣe lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìtàn ò ní sí. Mélòó nínú àwọn tó ra ìwé yẹn nílé epo ni mọ́tò tiwọn náà ń ṣe segesège níta?

Nínú *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* (1938) tí gbogbo wa ti kà, ọdẹ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ igbó lọ bá ẹ̀rù, ó gbé ìbọn, ó ní oògùn lára, ó mọ̀ pé òun kúrò nílé. Àwọn èèyàn inú ìwé King kì í lọ síbì kankan. Ilé ni wọ́n wà, wọ́n ń fọ abọ́. Kì í ṣe pé ọ̀kan dára ju ìkejì lọ. Fágúnwà ń kọ̀wé fún ìlú tó gbà pé igbó ní olúwa rẹ̀, King ń kọ ọ́ fún àwọn tó rò pé bí ilẹ̀kùn bá ti tì, ó ti parí.

Nínú gbogbo ohun tí a ti kà lọ́wọ́ rẹ̀, *Pet Sematary* (1983) la fi ṣe olórí. Láàárín 1978 sí 1979, ó padà sí yunifásítì rẹ̀ láti kọ́ni, ó sì háyà ilé kan ní Orrington lẹ́bàá títì tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń gbà. Títì yẹn ń pa ẹran ọ̀sìn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi dá ibi ìsìnkú sílẹ̀ fún wọn nínú igbó ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sára pátákó. Ọkọ̀ pa ológbò ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó kéré jù sá lọ sójú títì, díẹ̀ ló kù. Nínú ìwé, kò sí díẹ̀ ló kù. Ọkọ̀ pa ọmọ náà. Bàbá rẹ̀, Louis Creed, dókítà ni, ó sì ti mọ ilẹ̀ kan lẹ́yìn ibi ìsìnkú yẹn tí òkú tí wọ́n bá sin síbẹ̀ ń padà wálé. Ó ti fi ológbò dán an wò. Ológbò padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń rùn, kì í sì í ṣe ológbò tí wọ́n mọ̀ mọ́. Louis mọ gbogbo èyí. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó lọ hú òkú ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti òkú. Àdúrà tí àwọn ìyá wa ń gbà, pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn fọwọ́ ara wọn sin ọmọ, òun ni ìwé náà dá lé láti ojú-ìwé kìíní dé òpin. Bí a bá ń wo Louis tó ń rìn lọ sí itẹ́ òkú lóru, ẹnu wa ń sọ pé kó má lọ, ọkàn wa ò sì lè búra pé àwa ò ní lọ. King fi ìwé yẹn pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún mélòó kan torí pé ó burú lójú òun fúnra rẹ̀. Àdéhùn tó ní pẹ̀lú Doubleday ló jẹ́ kó mú un jáde.

A ò ní purọ́, orúkọ náà ń tajà. King fúnra rẹ̀ ti dán èyí wò. Láti 1977, ó ń fi orúkọ Richard Bachman gbé àwọn ìwé mìíràn jáde, ìwé márùn-ún gbáko, títí òṣìṣẹ́ ilé ìtàwé kan fi já a ní 1985. *Thinner*, tó jáde ní 1984, tà tó 28,000 ẹ̀dà nígbà tó jẹ́ ti Bachman. Nígbà tí ayé mọ̀ pé King ni, iye náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìwé ò yí padà, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò yí padà. Ẹni bá fẹ́ lè fi èyí jiyàn pé èèyàn kàn ń ra orúkọ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò já bọ́ láti ọ̀run. Àwọn tó ra *Carrie* níbùdókọ̀ ló kọ́ ọ.

Nígbà tí National Book Foundation fún un ní àmì ẹ̀yẹ ńlá ní 2003 fún ipa tó kó nínú lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà, Harold Bloom, ọ̀kan nínú àwọn àgbà lámèyítọ́ ìlú náà, bínú gidigidi, ó ní King kò mọ̀wé kọ rárá. Àwa tí a ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ mọ ohùn yẹn. A máa ń fura sí ìwé tí èèyàn púpọ̀ bá fẹ́ràn, bí ẹni pé ìgbádùn ni àbùkù. King ní àbùkù tiẹ̀, kì í ṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ó máa ń kọ́lé ẹ̀rù tó dára kó wá sáré kan òrùlé rẹ̀; òpin *It* (1986) já wa kulẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a wí pé kò mọ̀wé kọ, a jẹ́ pé a ò tíì ka orí tó ti pe gbogbo ará ìlú *Salem's Lot* (1975) lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ dé alẹ́, ẹni tó ń gbé mílíìkì kiri, ìyá tó ń na ọmọ jòjòló, tó fi jẹ́ pé nígbà tí òkú amùjẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, a ti mọ orúkọ wọn.

King ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ìyá àgbàlagbà kan dá òun dúró nílé ìtajà ńlá kan ní Florida, ó ní òun ò fẹ́ràn àwọn nǹkan ẹ̀rù tó ń kọ, kí ló dé tí kò lè kọ nǹkan tó ń gbéni ró bíi *The Shawshank Redemption*. Ó ní òun náà lòun kọ ọ́. Ìyá ní irọ́ ni, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò bá tíì kà á rí, tó sì ń bi wá pé ibo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀: ẹ má fi *It* bẹ̀rẹ̀, ojú-ìwé rẹ̀ lé ní 1,100, ìdánwò sì ti ń bọ̀. *Carrie* kò nípọn, ọjọ́ méjì ti tó o. *Pet Sematary* ni kẹ́ ẹ fi ṣìkejì, àmọ́ kó jẹ́ ọ̀sán.